Ẹ Jẹ́ Ká Fi Eré Sọ Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Ẹlẹ́wọ̀n

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Chikaji, Sabon Gari, Samaru àti gbogbo Zaria, àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí a jọ gbé eré kan kalẹ̀ ní àdúgbò wa, eré tí obìnrin kan ṣoṣo yóò fi sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìgbé ayé ẹ̀wọ̀n.

Àwọn kan nínú wa ní ohun ìtìjú ni, pé kò yẹ kí àlejò máa tú àṣírí ara rẹ̀ níwájú onílé. A kò fara mọ́ ọn. Bí ọmọ bá wà lẹ́wọ̀n, tí ará ilé ń sọ fún wa pé ó rìnrìn àjò ni, ìyá rẹ̀ nìkan ni yóò máa dáná, òun nìkan ni yóò gbé kúlà oúnjẹ wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP lọ, òun nìkan ni yóò sunkún bọ̀. Ta ni yóò ràn án lọ́wọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀?

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi kún owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lóòjọ́, láti náírà 750 sí náírà 1,125. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, náírà 375 ló kan oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin tó ń ná ọjà mọ ohun tí ìyẹn lè rà. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni adájọ́ kò tíì sọ pé wọ́n jẹ̀bi.

Eré ebi kì í ṣe tuntun ní Òkè Ọya. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Strike and Hunger dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, ìjọba òyìnbó dá eré náà dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ní Kaduna wa níbí ni wọ́n ti Wọlé Ṣóyínká mọ́ lóun nìkan nígbà ogun abẹ́lé. 1967 ni wọ́n mú un, 1969 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ó fi ààwẹ̀ jà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú The Man Died ní 1972.

Kí ló dé tó fi jẹ́ obìnrin kan? Owó wa kò pọ̀. Àga kan, ìkòkò kan àti kúlà kan ti tó. Òun ni yóò ṣe ìyá, òun ni wọ́dà, òun náà ni ẹlẹ́wọ̀n. Láti àwọn ọdún 1970 ni ẹ̀ka eré orí ìtàgé Yunifásítì Ahmadu Bello ti ń gbé eré lọ bá àwọn ará abúlé àyíká Samaru. Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ wa. Kí a ṣe é ní Yorùbá lọ́jọ́ kan, ní Hausa lọ́jọ́ kejì, nítorí ìyá Hausa náà ń gbé abọ́ lọ síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má san owó ìwọlé. Kí oníkálukú mú múdù gàárì tàbí ẹ̀wà, tàbí ọṣẹ wá, kí a sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n kí a tó gbé e lọ. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó wá sọ fún wa ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹni tó bá sì ní ọmọbìnrin tó mọ eré ṣe, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.