Ẹ ka ẹ̀yìn áńpílì kí ẹ tó ka owó

Ọ̀rọ̀ ọjà ni tòní, ọ̀rọ̀ etí sì ni pẹ̀lú.

Bí ẹgbẹ́ bá kó owó àjọ jọ, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká ra áńpílì ńlá, kí ọ̀rọ̀ lè dé ẹ̀yìn." Áńpílì ni ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, báàfù sì ni ohùn ń gbà jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Nàìjíríà mọ̀ wọ́n sí áńpù àti sípíkà. Èrò tèmi ni pé títóbi áńpílì kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Báàfù ni ká kọ́kọ́ yàn, ká mọ bó ṣe ń jẹun tó, ká tó wá áńpílì tó lè bọ́ ọ.

Oríṣi báàfù méjì ló ń fún áńpílì ní wàhálà. Èkíní ni alájẹkì. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí àmì Ω, tí à ń pè ní óòmù, pẹ̀lú 8 tàbí 4. Bí óòmù bá ṣe kéré tó ni báàfù ń fa iná tó. Èkejì ni ọ̀lẹ: ó ń jẹ wáàtì púpọ̀, ohùn tó ń mú jáde kò tó nǹkan. Ní ìlú òyìnbó, báàfù kan wà tí kò ní kọ́nù nínú, awẹ́ fẹ́lẹ́ bíi bébà ló ń mì tí ohùn fi ń jáde. Quad ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú ẹ̀ jáde ní 1957, Magnepan ní Amẹ́ríkà náà ń ṣe tiẹ̀. Ohùn wọn dùn, àmọ́ ẹni tó bá rà wọ́n mọ̀ pé owó áńpílì gidi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá, torí àwa fúnra wa la máa ń fọwọ́ ara wa sọ báàfù tó rọrùn di alájẹkì. Bí ẹ bá so báàfù 8 óòmù méjì pọ̀ sí ojú kan náà, áńpílì rí 4 óòmù. Bí ẹ bá so mẹ́rin, 2 óòmù ló kù. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sẹ́yìn áńpílì pé kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 4 lọ, ẹ̀yin lẹ fẹ́ jó o yẹn. Ọ̀kadà tó ń gbé àpò àgbàdo kan, ẹ di mẹ́rin lé e, ẹ tún ní kó gun òkè.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà tàn yín. Wọ́n á kọ 1000 tàbí 2000 wáàtì gàdàgbà síwájú, wọ́n á fi PMPO sí i. Fún ojú lásán nìyẹn. RMS ni kí ẹ béèrè. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ yí ẹ̀rọ padà, ẹ wo iye fóòtì àti ámpíà tó ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ 12V àti 5A, 12 lọ́nà 5, 60 ni. Ẹ̀rọ tó ń gba 60 wáàtì wọlé kò lè máa fún yín ní 500. Ìṣirò yìí kò gba ìwé ńlá, ọmọ yín tó wà nílé ẹ̀kọ́ lè bá yín ṣe é lójú ọjà.

Kí wá ni kí ẹgbẹ́ rà? Èmi fara mọ́ báàfù ẹlẹ́nu gbọọrọ bíi kàkàkí, irú èyí tí mọ́ṣáláṣí ń gbé sórí òpó. Wáàtì kan péré, téèyàn bá dúró sí mítà kan, ó lè mú 105 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì jáde. Ọ̀pọ̀ àpótí báàfù kò ju nǹkan bíi 90 lọ. Ìyàtọ̀ 15 yẹn túmọ̀ sí pé àpótí náà máa jẹ ìlọ́po 30 wáàtì kó tó bá ẹlẹ́nu-kàkàkí dọ́gba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo bátìrì tàbí sólà, ẹ rò ó wò.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kò ní ìlù ìsàlẹ̀, pé kò dùn ún jó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọjọ́ mélòó là ń jó nínú ọdún? Ẹ háyà àpótí ńlá lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ àti iye tí wọ́n ń ta àgbàdo lọ́jà kò nílò ìlù ìsàlẹ̀, kó ṣáà yéni ló nílò. Àwa tí a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ ọ́n: òru Ẹ̀fẹ̀ tí a kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin, a kàn pàdánù oorun ni.

Ọ̀nà tún jìn. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, agbára ìlọ́po mẹ́rin ni ohùn ń fẹ́ kó tó dún bákan náà. Nítorí náà, báàfù kéékèèké mẹ́ta lójú ọ̀nà sàn ju ńlá kan tó ń ké níwájú. Wáyà náà ń jẹ tiẹ̀: wáyà bàbà 1.5 tó gùn ní 50 mítà ń gbé ju óòmù kan lọ, ó lè jẹ ìdá kan nínú márùn-ún agbára tó yẹ kó dé báàfù 4 óòmù. Bí ọ̀nà bá jìn báyẹn, áńpílì tí wọ́n kọ 100V sí ni kí ẹ rà, kí báàfù kọ̀ọ̀kan ní tiransífọ́mà kékeré tiẹ̀. Ẹ kò ní ṣírò óòmù mọ́, wáàtì lẹ máa rò pọ̀: báàfù mẹ́fà, 10 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, 60 ni, áńpílì 80 tó o. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn lè gbé èèyàn, ẹ pa iná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ó ku etí. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Áńpílì kékeré tí ẹ yí dópin á máa ya ohùn, yíya yẹn ló sì ń jó báàfù. Etí pàápàá ń ya, kò sì sẹ́ni tó ń tún un ṣe lọ́jà. Ohùn 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, etí lè gbà á fún wákàtí 8. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ohùn níbi ayẹyẹ má ju 100 lọ. Ẹlẹ́nu-kàkàkí tó ń jẹ 10 wáàtì á mú 115 jáde ní mítà kan! Ọmọ tó dúró sẹ́nu ẹ̀ kò gbọdọ̀ pé ìṣẹ́jú kan níbẹ̀. Ẹ gbé e sókè kọjá orí èèyàn, ẹ má sì dojú ẹ̀ kọ ibi tí ọmọdé ń jókòó sí.

Kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ kan àpótí owó, ẹ jọ dáhùn mẹ́ta yìí: Báàfù mélòó, óòmù mélòó? Wáàtì mélòó ló ń wọlé ní tòótọ́? Ta ló máa jókòó sún mọ́ ọn jù? Ìdáhùn kẹta ni kí ẹ pẹ́ lé lórí jù.