Ta Ló Ní Kí Ẹ Gé Orúkọ Ọmọ Ọlọ́mọ Kúrò Lára Iṣẹ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ òní gùn, ẹ fara dà á. Ẹni tó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárín Ìyànà-Ìpájà sí Ìgàndó á kà á tán kó tó délé.

Ẹ̀ṣẹ̀ ìjọ tiwa ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Pásítọ̀ tún ti ń nàka sí ìjọ ẹlòmíràn.

Lóṣù tó kọjá a ṣe ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ mídíà wa gbé pósítà jáde, pósítà náà sì rẹwà gan-an. Obìnrin tó ní ìsun ẹ̀jẹ̀ nínú Bíbélì ló wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe obìnrin òyìnbó tí a máa ń rí lára kàlẹ́ńdà. Obìnrin ilé wa ni. Ó wọ ìró àti bùbá, gèlè rẹ̀ ti tú, èrò pọ̀ bí èrò ọjà Ìkòtún nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la, òun sì wà lórí eékún, ó ń nawọ́ sí ìṣẹ́tí aṣọ Jésù. Wọ́n lẹ fọ́tò mi mọ́ òkè, wọ́n kọ ọjọ́ àti àkókò sí i, a lọ tẹ bánà ńlá ní Ṣómólú, a gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi fúnra mi ń gbé e sórí WhatsApp láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìsọjí, lẹ́yìn ìsìn, ọmọbìnrin kan nínú àwọn akọrin wa wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ya àwòrán tó wà lára bánà yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni, pé ó wá dúpẹ́ pé a lo iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá yọ fóònù rẹ̀, ó fi tirẹ̀ hàn mí. Àwòrán kan náà ni, àfi pé ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni fi òwú rán an. Lórí tiwa, wọ́n ti gé ìsàlẹ̀ yẹn sọnù. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi yà á, lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ọmọ ìka ló fi yà á. Ó gbé e sórí Instagram, oníbàárà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá sì ti gbà láti rà á ní ₦40,000, kó lè tẹ̀ ẹ́ kọ́ sí pálọ̀. Ìgbà tí oníbàárà náà rí pósítà wa, ó pè é ní olè. Ó ní ara pósítà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti jí i.

Ẹ̀yin ará, olè gan-an wà lórí bánà. Ó wọ kóòtù búlúù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo pe àwọn ọmọ mídíà jọ. Olórí wọn ní, "Dádì, orí Google la ti rí i." Èkejì ní àmì yẹn ń ba ẹwà pósítà jẹ́. Ẹ̀kẹta, ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, ní, "Dádì, ṣebí iṣẹ́ Ọlọ́run la fi ṣe?" N kò bá wọn jà pẹ́, torí mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Láti Ìdímù títí dé Ìjẹ̀gùn, ẹ fi ojú wo àwọn pósítà tó wà lára ògiri àti òpó iná. Mélòó nínú wọn ni ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lò ó?

Ti Google kò gba àkókò. Ẹni tó júwe ilé alábúrẹ́dì fún ọ kò fún ọ ní búrẹ́dì.

Àmọ́ "iṣẹ́ Ọlọ́run" yẹn ni mo fẹ́ dúró sí, torí òun ló ń pa àwa pásítọ̀. Ẹ ṣí 2 Sámúẹ́lì orí 24. Arauna fẹ́ fi ilẹ̀ ìpakà rẹ̀ àti màlúù rẹ̀ ta Dáfídì lọ́rẹ, ọba kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Ọlọ́run. Ẹ jọ̀wọ́, Arauna fínnúfíndọ̀ fẹ́ fún un ni o, Dáfídì ṣì sanwó! Àwa wá gba ti ọmọ tí kò fún wa, a gé orúkọ rẹ̀, a ní ẹbọ ìyìn ni. Áhábù náà kò fẹ́ fi ọgbà Nábótì ṣe ohun búburú kan, ọgbà ewébẹ̀ ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.

Ẹ tún lọ sí Ẹ́kísódù orí 31, ibi tí Ọlọ́run ti ń yan ẹni tí yóò ṣe ọ̀nà sára àgọ́ àjọ. Ṣé Ọlọ́run kàn sọ pé kí wọ́n wá oníṣẹ́ ọnà kan ni? Rárá o. Ó dárúkọ rẹ̀, Besaleli. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ó tún sọ ẹ̀yà tó ti wá. Ẹni tó ni àgọ́ kò gé orúkọ oníṣẹ́ kúrò. Ta wá ni ìwọ olórí mídíà?

Àwọn kan á ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ọ̀fẹ́ ló gbà á. Dísù tí à ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ wa ńkọ́? Láti inú ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá ni wọ́n ti wà á. Kí ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún alẹ́pò lójú ọ̀nà LASU kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa, mo bọ̀wọ̀ fún wọn púpọ̀, bi mí bóyá irú àmì bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú àmì ẹranko inú Ìṣípayá. Mo ní, "Bàbá, ẹ mú náírà yín síta, ẹ gbé e sókè sí iná." Àwòrán tó yọ nínú bébà yẹn, watermark ni. Gbogbo ìyá ọlọ́jà ló mọ̀ ọ́n, torí òun ni wọ́n fi ń dá ayédèrú mọ̀. Àwọn tó ń ṣe bébà ní Fabriano, ní Ítálì, ti ń fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sínú bébà wọn láti nǹkan bí 1282. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá ní tirẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà ayédèrú ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ará Tẹsalóníkà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni sí ìparí lẹ́tà kejì, ó ní àmì òun nìyẹn nínú gbogbo lẹ́tà. Ẹ kà á ní orí 3 ẹsẹ 17. Ẹni tó bá ní ìgbéraga ni kí èèyàn fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá Pọ́ọ̀lù wí.

Ọmọ Èkìtì ni mí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí jù bó ṣe yẹ lọ. Agbẹ́gilére kan wà nílẹ̀ wa tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, Ìsẹ̀ ló gbé ṣiṣẹ́. Òun ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ fi hàn ayé níbi àfihàn ńlá tí àwọn òyìnbó ṣe ní Wembley ní 1924. Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum rí i, ó wù wọ́n, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọba. Ọlọ́wẹ̀ kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 1938. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, wá sí Ìsẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ tó ṣì wà láyé sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un, ó dárúkọ àwọn iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe. Ẹnu ìyá yẹn ni watermark Ọlọ́wẹ̀.

Ọmọ tó ń ya àwòrán lórí fóònù ní Ìgàndó lónìí kò lè dúró de ẹni tí yóò ki í lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Kí ó tó jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ tán, àwòrán rẹ̀ ti dé Houston.

Òfin ìlú pàápàá ti sọ̀rọ̀. Òfin Kópíráìtì ti 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún oníṣẹ́ ọnà ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣe é, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà wà títí ayé rẹ̀ àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ òun. Òfin náà lòdì sí kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ yọ ohun tó ń tọ́ka sí ẹni tó ni iṣẹ́ orí ẹ̀rọ. Nígbà tí ayé bá ń kọ́ ìjọ ní òtítọ́, ó yẹ kí ojú tì wá.

Ó kù sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya nǹkan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọmọbìnrin yẹn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jókòó kọ́ mi, mo sì lọ kà kún un.

Ẹ mú bébà funfun tí kò nílà àti bíírò dúdú. Ẹ sáìnì orúkọ yín ní ogún ìgbà, kí ẹ mú èyí tó wù yín. Ẹ yà á ní fọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ gbé e sínú PixelLab tàbí èyíkéyìí tí ẹ ń lò, ẹ yọ funfun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi pamọ́ ní PNG, torí JPEG kò lè mú ẹ̀yìn tó ṣófo. Bí ẹ bá gbé e lé àwòrán, ẹ jẹ́ kó ṣe fírífírí, bí 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má fi sí igun! Igun ni ọmọ wa fi tirẹ̀ sí, ẹ sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé e gba ibi tí ẹni tó bá gé e á ba iṣẹ́ jẹ́: ìṣẹ́po aṣọ, irun, èjìká. Àmọ́ ẹ má fi bo gbogbo ojú iṣẹ́ bí eṣú bo oko. Mo ti rí ti ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo rí, n kò mọ̀ bóyá ènìyàn ló yà tàbí ewúrẹ́.

Ohun kan yà mí lẹ́nu. Ní 2017, àwọn olùwádìí Google fi hàn pé bí èèyàn bá ń fi àmì kan náà gẹ́lẹ́ sára ọ̀pọ̀ àwòrán, kọ̀ǹpútà lè fi wọ́n wéra, kó mọ bí àmì náà ṣe rí, kó sì yọ ọ́ kúrò lára gbogbo wọn. Kí ẹ kàn sún un láti ibì kan sí ibòmíràn kò tó. Ohun tó ń da kọ̀ǹpútà láàmú ni kí ara àmì náà fúnra rẹ̀ máa yí díẹ̀ láti àwòrán dé àwòrán. Nítorí náà, ẹ máa sáìnì lákọ̀tun sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ èèyàn kì í kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu gẹ́lẹ́. Pọ́ọ̀lù ti ṣe é ṣáájú Google.

Àwòrán tí ẹ máa gbé síta, kó má ju 1080 pixel ní ìbú lọ. Ó dára lójú fóònù, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sí bánà á rí i bí ó ṣe máa ṣú. Fáìlì ìpìlẹ̀, èyí tí gbogbo léyà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi méjì, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń kọ orúkọ sínú fáìlì níbi tí ojú kò lè rí i. Ó dára, àmọ́ bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, WhatsApp á fọ̀ ọ́ dànù.

N kò parọ́ fún yín pé watermark jẹ́ ògiri. Ẹ̀rọ AI wà lórí fóònù báyìí tó ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-iṣẹ́ fọ́tò tó ń jẹ́ Getty Images. Wọ́n pe Stability AI lẹ́jọ́ ní London ní 2023, torí pé àwòrán tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ń gbé àmì Getty jáde lára, ó lọ́, ó wọ́, àmọ́ ó ṣeé dá mọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, adájọ́ dá ẹjọ́ náà, Getty sì pàdánù èyí tó pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti rí díẹ̀ mú bọ̀, ọ̀rọ̀ àmì yẹn ni.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí a ṣe fún ọmọ wa. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní kí a fún un ní ₦20,000 kí a sì gbàdúrà fún un. Mo kọ̀. Sákéù sọ pé ìlọ́po mẹ́rin, kò sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìlọ́po mẹ́rin ₦40,000 jẹ́ ₦160,000, ìdajì rẹ̀ ti àpò èmi àti ìyàwó mi wá. Alàgbà méjì kò tíì máa kí mi dáadáa, Ọlọ́run á tù wọ́n nínú. Mo pe oníbàárà Ẹ̀gbẹ́dá yẹn fúnra mi, mo sọ fún un pé èmi ni olè, kì í ṣe ọmọ náà. Ó kọ́kọ́ rò pé awàdà ni mò ń ṣe. Kò tíì dá wa lóhùn bóyá ó ṣì máa rà á.

Bánà ti wálẹ̀. Láti òní lọ, pósítà kankan kò ní jáde lórúkọ ìjọ wa láìjẹ́ pé orúkọ ẹni tó ya àwòrán ibẹ̀ wà lára rẹ̀ àti rísíìtì owó tí a san fún un nínú fáìlì akọ̀wé.

Ní Sátidé yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní ṣíṣí fún gbogbo ọ̀dọ́ Alímòṣọ́ tó ń ya àwòrán, ìjọ yòówù kí ẹ máa lọ, títí kan ẹ̀yin Mùsùlùmí. Ọmọbìnrin náà ló máa kọ́ yín, kì í ṣe èmi. Ẹ gba agbára sí fóònù yín láti ilé, torí n kò mọ ohun tí NEPA máa ṣe lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú bíírò dúdú dání.