Ta Ló Yè, Ta Ló Gbẹ́yìn?

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó máa ń já bọ́ lọ́wọ́ ògbufọ̀: "survive". Àwọn kan nínú wa gbà pé èdè tí kò bá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un, òtòṣì èdè ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo èdè Jámánì. Bí ènìyàn bá yọ nínú ogun tàbí ìjàǹbá ọkọ̀, "überleben" ni wọn yóò lò. Bó bá jẹ́ àìsàn ló là já, wọ́n lè ní "überstehen". Ilé àtijọ́ tí kò wó ńkọ́? "Überdauern" ni tirẹ̀. Nínú ìkéde òkú, olóògbé gan-an ni Jámánì máa ń fi ṣe olùwà: ó "hinterlässt" wọn, ìyẹn ni pé ó fi wọ́n sáyé lọ. Àbí kì í ṣe bí àwa náà ti ń sọ ọ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kan oúnjẹ ẹlòmíràn pẹ̀lú. Òfin ọdún 1911 ní Jámánì pèsè owó ìrànwọ́ fún opó àti ọmọ òrukàn àwọn òṣìṣẹ́. "Hinterbliebene" ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tó gbẹ́yìn òkú. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde láàyè ní àgọ́ ìṣekúpani Hitler ní 1945, "Überlebende" ni wọ́n. "Survivors" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìhà méjèèjì. Ògbufọ̀ tó bá fi èkejì sínú ìwé opó ti sọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú di ẹni tó móríbọ́. Akọ̀wé lè máa wá ìjàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀, kí opó sì máa retí owó.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Yorùbá ṣẹ̀sín. A ní yè, a ní móríbọ́, a ní là á já, a ní gbẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi tó bá mu. Kí a tó tú "survive", ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ta ló kú, ta ló yè, kí ló sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?