Ẹ̀yin Òbí l'Ófin, Ẹ Má Ta Ilẹ̀ Nítorí Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti kúrò ní eré ọmọdé ní Ṣàgámù. Látìgbà tí Remo Stars tó fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣelé ti gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà fúngbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2025, ọmọ Òfin tó bá ti gbá góólù méjì wọlé ti ń wo ọ̀nà Yúróòpù nìyẹn. Kò burú. Àwọn tó burú ni àwọn tó ń pe ara wọn ní mánijà, tí wọ́n á ní kí bàbá ọmọ mú owó físà wá, pé kíláàbù ti ń dúró. Bàbá á ta ilẹ̀, ìyá á kó àjọ, mánijà á sì di àwátì.

Ẹ wo Taiwo Awoniyi, ọmọ tí wọ́n bí n'Ílọrin ní August 12, 1997. Ó wà lára Golden Eaglets tó gba ife àgbáyé lọ́dún 2013. Síbẹ̀, August 31, 2015 ni Liverpool tó rà á, ọjọ́ 19 péré lẹ́yìn tó pé ọdún 18. FIFA ò gbà kí kíláàbù kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sórílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé England ń dúró de ọmọ ọdún 15, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ rà á tán ńkọ́? Kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà ní England, ni wọ́n bá ń yá a káàkiri: FSV Frankfurt, NEC, Mouscron lẹ́ẹ̀mejì, Gent, Mainz, Union Berlin. Ìgbà méje láàárín ọdún mẹ́fà! Kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool. Àmọ́ iṣẹ́ ló ń kọ́. Union Berlin rà á pátápátá lọ́dún 2021, ó gbá góólù 15 wọlé ní Bundesliga lọ́dún bọ́ọ̀lù yẹn, Nottingham Forest sì rà á lọ́dún 2022. Ní October 22 ọdún náà, òun ló gbá góólù kan ṣoṣo tí Forest fi na Liverpool. Ẹ ò rí nǹkan?

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o. Bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni wọ́n ń pín fáwọn kíláàbù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ṣẹ́ ẹ rí i pé ilé ni owó ń bọ̀, kì í ṣe pé ó ń tilé lọ? Torí náà, ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní kíláàbù tó ní ìwé, kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, kó má sì fi ilé ìwé sílẹ̀. Mánijà tó bá bèèrè owó físà, ẹ ní kó mú lẹ́tà kíláàbù wá, kẹ́ ẹ sì fúnra yín pe kíláàbù ọ̀hún. Bó bá jẹ́ ayédèrú, kò ní padà wá.