Ọkọ̀ Ogun Àtijọ́, Ìhámọ́ra Tuntun

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ mi. Ẹ má ṣe bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun. Àwọn ọmọ ìyá wa ni wọ́n ń jókòó sínú rẹ̀. Bí ó bá dára, wọn a padà wálé. Bí kò bá dára, òkú ni wọ́n ń gbé bọ̀ fún ìyá wọn.

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí a ti bí mi jìnnà sí òkun. Odò Erinlẹ̀ ni omi tí àwa mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ìfọ́n tí kò mọ agbégilódò. Ẹ̀ńjìnnì tí ó gbé e wá láti òkè òkun ti kú tipẹ́; mẹkáníìkì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wẹ́dà ti lẹ irin tuntun mọ́ ọn lára, káfíńtà sì ti kan pákó sí i. Ọkọ̀ tí àwọn tí ó ṣe é ti gbàgbé ṣì ń gbé igi lọ sí Òṣogbo. Ọgbọ́n yìí ni mo ní ó yẹ kí ìjọba lò fún àwọn ọmọ ogun wa tí ń ti ojú omi bọ́ sórí ilẹ̀.

Irú ogun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní oṣù Keje 1967, àwọn ọmọ ogun tí Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ ọ̀gá fún gúnlẹ̀ sí Bonny. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà wọ́n wọ Kàlàbá. Àwọn ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Third Marine Commando. Ní 1979, ọkọ̀ ojú omi méjì, Ambe àti Ofiom, dé láti Jámánì láti máa kó ọmọ ogun àti ọkọ̀ wọn dé èbúté. Àwọn yẹn gbó, kò sí ohun tí ó rọ́pò wọn títí NNS Kada fi dé láti Sharjah ní 2022. Ọkọ̀ tí yóò gbé ọkọ̀ wà nílẹ̀ báyìí. Irú ọkọ̀ onírin wo ni yóò máa jáde láti inú rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní kí a lọ ra tuntun tí ó dára jù lọ láyé. Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà ná. Wọ́n ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là lórí ọkọ̀ onírin kan tí yóò máa sáré lórí omi, EFV ni wọ́n pè é. Ní 2011 wọ́n fagi lé e nítorí pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ọlọ́rọ̀ bá ní òun kò lè ra aṣọ kan, ṣé àwa ni yóò lọ yáwó rà á? Ní Thailand, Chaiseri, ilé iṣẹ́ ọmọ onílùú, ni ó tún AAV7 àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn ṣe. Bràsíìlì náà tún M113 tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí rẹ̀ ṣe fún àwọn tiwọn.

Ṣùgbọ́n èmi náà mọ̀ pé agbégilódò a máa já bíréèkì lórí òkè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2020, AAV kan rì nítòsí erékùṣù San Clemente ní Califọ́níà, ó sì pa ènìyàn 9. Ìwádìí fi hàn pé ọkọ̀ náà ti gbó, àbójútó rẹ̀ kò sì péye. Ẹ tún rántí pé irin tí a bá fi kún ara ọkọ̀ láti dènà ọta ń fi kún ìwúwo rẹ̀. Èyí tí ó ń léfòó lánàá lè rì lónìí bí òkúta. Àtúnṣe yàtọ̀ sí àbùlẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a ṣe àtúnṣe náà nílé. DICON ti wà ní Kàdúná láti 1964, Proforce sì wà ní Òdè-Rẹ́mọ nílẹ̀ wa níbí, tí ó sọ ọkọ̀ ogun rẹ̀ kan ní Àrá. Èkejì, kí á má tún èyí tí a kò lè rí ohun èlò rẹ̀ ṣe, kí ó má baà di ilé adìyẹ ní bárékè. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: kí á gbé e sínú omi, kí á yìnbọn sí i, kí á sì rí i pé ó yege kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i pé ó dára sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ la omi kọjá.

Owó táṣẹ́rẹ́ kò burú, bí kì í bá ṣe ẹ̀mí ni a fi dí i. Bí a ti ń ka náírà, kí á máa ka orí àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Ire o.