"Nǹkan Bí" Kì í Ṣe Àbùkù

Ọdún 1910 ni Ìyá Aninha dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní Salvador. Casa Branca tó ti jáde wá ńkọ́? Àwọn ìwé kan kàn ń kọ 1830 gbọnrangandan. Bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n fojú bù ú.

Ìlànà ISO 8601-2 ti ọdún 2019 ní àmì fún irú èyí: 1830~ ni "nǹkan bí 1830", 1830? ni "kò dájú". 183X ni ọdún kan láàárín 1830 sí 1839. Ó yẹ kí àwọn ilé Òrìṣà máa lò ó, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ẹni tó kọ "nǹkan bí" kò bu àwọn alágbà kù. Irọ́ ni kò pa mọ́ wọn.