Mo lè to búrẹ́dì, mi ò lè ta áàpù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ n rò ó tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo kọ̀ láti gba £240. Owó gidi o, nínú àpò ìwé, lójú mi kòrókòró. Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní gbogbo Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan tí kò jìnnà sí Rye Lane, ló kó o wá. Àwọn òbí ló dá a jọ. Áàpù kékeré kan ni mo ṣe fún àwọn ọmọ yẹn: ohùn á pe ọ̀rọ̀ kan, àwòrán mẹ́rin á jáde, ọmọ á tẹ èyí tó gbọ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ọmọ tó bá tẹ ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko nígbà tí wọ́n pe ọkọ̀, áàpù á rẹ́rìn-ín, á tún un pè. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe é, lóru, lẹ́yìn tí mo bá ti dìde kúrò nídìí ìwé PhD mi tó dá lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn á sọ Yorùbá sí, tí wọ́n á fi gẹ̀ẹ́sì fèsì, ti wá ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó gba máàkì jù.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, gbà á. O ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ẹ dáa."

Mo ní, "Mummy, ẹ ṣeun gan-an, àmọ́ mi ò lè gbà á. Físà mi ò gbà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Físà wo? Àbí kì í ṣe ìwọ ni mo rí lọ́jọ́sí tó ń to búrẹ́dì ní súpámákẹ́ẹ̀tì? Ìyẹn ńkọ́? Ṣé wọn kì í sanwó fún ẹ níbẹ̀ ni?"

Wọ́n rò pé ìgbéraga ni. Wọ́n rò pé mo fẹ́ kí wọ́n fi kún un. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ tó lè yé èèyàn lórí ìdúró, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ti UK gbà wá láàyè láti ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wà ní sáà. Fún àwa tí à ń ṣe PhD, sáà kì í parí, a ò ní hólídé ẹ̀ẹ̀rùn bíi tàwọn tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́, títí tí èèyàn á fi fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó dáa, wákàtí 20 náà ni. Nínú ẹ̀, mo lè fọ abọ́, mo lè gbálẹ̀, mo lè ṣọ́ géètì, mo lè to búrẹ́dì di aago méjì òru. Àmọ́ òfin kan náà ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ self-employed, mi ò sì gbọdọ̀ ṣòwò. Kì í ṣe pé kó má ju wákàtí 5 lọ, kì í ṣe pé kó má ju wákàtí kan lọ. Rárá ni. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá iṣẹ́ náà ń dí ẹ̀kọ́ mi lọ́wọ́. Tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ẹlòmíì, òfin ní kí n máa ṣe é lọ. Tó bá ti jẹ́ tèmi, ó parí.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Láti January 2024 ni ìjọba ti sọ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe máásítà ò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ wá mọ́, àmọ́ wọ́n fi tiwa tí à ń ṣe PhD sílẹ̀. Ìyàwó tí akẹ́kọ̀ọ́ PhD bá mú wá lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú, ó sì lè dá òwò tiẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé tí mo bá níyàwó, òun lè ṣe áàpù kó sì tà á nínú yàrá tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé, lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Èmi tó jẹ́ pé torí tèmi ni wọ́n ṣe fún un ní físà, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dà mí láàmú pé kí n lọ fẹ́yàwó, ẹ ti rí ìdí tuntun gbà.

Nínú gbogbo grúùpù WhatsApp tí mo wà, ẹnì kan máa ń sọ pé tí owó náà ò bá ti tó £1,000 lọ́dún, kò sí wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé e. Òfin owó orí ni £1,000 yẹn. Láti April 2017, ẹni tí owó òwò rẹ̀ ò bá ju £1,000 lọ lọ́dún kò ní láti san owó orí lé e lórí. HMRC ló sọ bẹ́ẹ̀. HMRC lọ́tọ̀, Home Office lọ́tọ̀. Èèyàn lè wà láìjẹ owó orí kankan kí físà rẹ̀ sì bàjẹ́ nítorí £30. Mo mọ àwọn tó ti gbọ́kàn lé £1,000 yìí, tí wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n dì mọ́ra.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọjà gan-an, torí àwọn náà ní òfin tiwọn. Google ń gba $25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé áàpù sórí Play Store. Apple ń gba $99 lọ́dọọdún. Láti November 2023, ẹni tó bá ṣí akáǹtì tuntun ní orúkọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Google gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá àwọn èèyàn tó máa dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́ dúró. Èèyàn 20 ni wọ́n kọ́kọ́ ní, wọ́n dín in kù sí 12 ní December 2024. Ẹ wá wá èèyàn 12 tó ń lo Android láàárín àwa ọmọ Yorùbá Peckham! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iPhone ṣe yàngà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó pẹ́ tó bó ṣe pẹ́. Tí èèyàn bá sì ti fi owó lé áàpù, Google á gbé àdírẹ́sì rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà nínú fúláàtì, èmi àti ẹni mẹ́ta, orúkọ mi ò tiẹ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò fi gbogbo èyí jà o. Ẹni tó ń tajà yẹ kó ní orúkọ àti ojúlé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé kò sí òwò kan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó èyí. Wọ́n á yẹ káàdì ìdánimọ̀ ẹni wò. Orúkọ inú akáǹtì àti orúkọ báǹkì gbọ́dọ̀ bára mu. Nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù tó tẹ̀ lé e ni owó ń wọlé, pẹ̀lú ìwé tó fi iye àti ọjọ́ hàn. Tí mo bá ta áàpù yẹn ní £2.99, VAT ìjọba á kọ́kọ́ mú nǹkan bí 50p, Google á mú 15% nínú èyí tó kù, ó ku £2.12. Ìjọba tó ní n ò gbọdọ̀ tà á ni ìbá kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣé bó o ṣe wà nílé ló dáa jù ni?" Rárá. Ilé náà ní tiẹ̀. Ní 2022, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn parí áàpù tó ń ṣe ìṣirò ẹ̀wọ̀n aṣọ fún àwọn télọ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dín iye tí káàdì náírà lè ná sókè òkun kù sí $20 lóṣù. $25 ni owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ wo ìyẹn náà: $5 péré ló dí i lọ́nà, ó sì lówó ọ̀hún lọ́wọ́. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ọ̀pọ̀ káàdì ò ṣiṣẹ́ lókè òkun mọ́ rárá. Ẹnì kan ní Kánádà ló bá a san án. PayPal tó wọ Nàìjíríà ní 2014 pàápàá, nígbà yẹn, ó jẹ́ kí àwọn èèyàn wa fi owó ránṣẹ́ síta, kò jẹ́ kí wọ́n gba owó wọlé. Níbẹ̀ nígbà yẹn, o lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òwò, o ò kàn rí ọ̀nà san owó tàbí gbà á. Mo já pa dé ibi tí káàdì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá ní n ò gbọdọ̀ ní òwò.

Ibi tí mo wá fẹ́ bá ẹ̀yin gan-an jà rèé. Èèyàn mẹ́fà ni mo rò ó fún, márùn-ún ní, "Fi sórí orúkọ ẹlòmíì." Ẹ fi sórí ẹ̀gbọ́n tó ní ìwé ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ fi sórí àbúrò ní Èkó. Ẹ ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé kí n yá agboòrùn. Orúkọ ẹni tó wà lórí akáǹtì ni Google àti Apple mọ̀. Òun ló fọwọ́ sí àdéhùn, káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, báǹkì rẹ̀ lowó ń wọ̀. Tó bá dọjọ́ kan tí ìjà bá dé, kí lẹ fẹ́ fi hàn? Ọ̀rẹ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ọdún kan àkọ́kọ́, owó ń dé déédéé. Nígbà tó yá, mọ̀lẹ́bí ní ilé ń jò, òun ná díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó tún yá, kò gbé fóònù mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò lè fẹjọ́ sùn níbì kankan, torí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun rú òfin físà. Áàpù náà ṣì wà lórí Play Store dòní. Orúkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó lábẹ́ tábìlì. "Gbà á, ta ló máa mọ̀?" Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lóòótọ́, ní ọdún yìí. Àmọ́ ẹni tó ń ka £776 lọ́dọọdún fún NHS kí wọ́n tó fún un ní físà, tó ti ná owó táwọn òbí rẹ̀ fi ta ilẹ̀, kò lè fi ọdún mẹ́rin ẹ̀kọ́ tẹ́tẹ́ lórí £240.

Mo mọ ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ la wá kọ́. Wọ́n ní wákàtí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ ò ṣeé kà. Wọ́n ti rí àwọn tó ń yá akáǹtì ara wọn lò láti fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri tọ̀sán-tòru. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sẹ́ ẹ. Àmọ́ òfin tó ní "rárá" pátápátá ló ń ti àwọn èèyàn sídìí akáǹtì ẹlòmíì. Tí wákàtí ò bá ṣeé kà, ẹ ka owó. Òṣùwọ̀n ti wà nílẹ̀: £1,000 tí HMRC ń lò. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè pa iye yẹn lọ́dún látinú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, lórúkọ ara rẹ̀, sínú báǹkì ara rẹ̀, kí Home Office sì béèrè ìwé rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Ohun tí àwọn ará WhatsApp ń pa nírọ́ náà á wá di òótọ́.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ò kàn wá. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, torí náà àwa tí à ń gbé níbí lè forúkọ sílẹ̀ ká sì dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ẹ rò ó wò: wọ́n fọkàn tán mi tó láti bá wọn yan ìjọba, wọn ò fọkàn tán mi tó láti ta áàpù ọmọdé. Miatta Fahnbulleh tí Peckham dìbò yàn ní 2024, Liberia ni wọ́n bí i sí. Bóyá ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ilẹ̀ wa wá ò ní ṣòro fún un láti gbọ́. Bóyá ó máa ṣòro. Mi ò mọ̀, àmọ́ mo ti kọ lẹ́tà náà, ojú ìwé kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, tàbí tó fẹ́ fi orúkọ tiẹ̀ kún un, kó bọ́ sínú inbox mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti kúrò lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé ó ti kọjá lórí yín. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù.

Ní ti áàpù, ọ̀fẹ́ ni mo gbé e síta, kò sí ìpolówó nínú ẹ̀, bó sì ṣe máa wà nìyẹn títí mo fi máa gba Graduate visa, tó gbà kéèyàn ṣòwò. Mummy ti fi £240 yẹn ra tábílẹ́ẹ̀tì àlòkù méjì fún kíláàsì. Mo kí wọn lánàá lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n dá mi lóhùn, àmọ́ wọn ò pè mí ní ọmọ mi.